Odò Ẹ̀yìnkùlé: Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀tà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ ọjọ́ méjì tí ó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ àti ohun tí àwọn ará Ọ̀tà ń fi wọ́n ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà láti Ṣàngó títí dé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò bá tú àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán sílẹ̀, ojú títì a kún fọ́fọ́. Àwọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ìdí irin yíyọ́, ìdí ike rírọ àti ìdí oògùn pípò yóò máa wá ọkọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ òru kàn yóò máa wọlé. Bí ènìyàn bá bi ọ̀kan nínú àwọn tí ń jáde pé kí ni yóò fi Àbámẹ́ta àti Àìkú ṣe, ìdáhùn kì í sábà ju mẹ́ta lọ: yóò sùn, yóò lọ sí òde àríyá, tàbí yóò lọ jọ́sìn. Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ fún ọjọ́ márùn-ún yẹ ní ìsinmi, òkú àgbà yẹ ní ẹ̀yẹ, Ọlọ́run sì yẹ ní ìyìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹrin kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn agbègbè náà, òun ni pé yóò mú ìwọ̀ lọ sí odò, tàbí pé yóò di ẹrù kékeré kan, yóò fi ẹsẹ̀ rìn wọ igbó, yóò sì sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òtítọ́ ni. Ní Ọ̀tà, àìrìn nítòsí ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Odò Àtùwarà ń gba ìhà Ìjù kọjá, kò jìnnà sí títì tí ó lọ sí Ìdí-Ìrókò. Odò Illo wà nítòsí àwọn ará ìlú. Odò Òwò wà ní ìsàlẹ̀, tí ó ń ṣàn lọ títí tí ó fi wọ inú ọ̀sà Ológè ní ìhà Àgbárá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ọdún mẹ́rin ní Ọ̀tà, kí ó gboyè kúrò níbẹ̀, kí ó má sì mọ orúkọ omi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yẹra fún irú fàájì yìí ni pé wọ́n kà á sí àṣà Òyìnbó. Ó dára kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí apá kan rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Àwọn Òyìnbó ní irú ẹja pípa kan tí wọ́n ti sọ di eré ìdárayá pátápátá. Wọn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹranko àti òwú ni wọ́n máa ń wé mọ́ ìwọ̀ náà títí tí yóò fi jọ eṣinṣin; wọn yóò wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ ju okùn rẹ̀ sí ojú omi, kí ẹja lè rò pé kòkòrò gidi ni ó bà síbẹ̀. Àṣà náà ti pẹ́. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, ti kọ̀wé nípa àwọn ará Masidóníà tí wọ́n ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ tan ẹja. Ní 1653, Izaak Walton tẹ ìwé The Compleat Angler jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kà á di òní. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Kẹ́ńyà, ìfẹ́ eré yìí pọ̀ lọ́kàn wọn débi pé ní 1905 wọ́n gbé ẹja trout láti ìlú wọn wá sínú àwọn odò orí òkè tí omi wọn tutù níbẹ̀.

Wọn kò gbé e wá sí Ọ̀tà. Omi ni ó fa èyí. Omi tútù tí ó mọ́ gaara ni ẹja trout fẹ́. Bí omi bá ti kọjá ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara kì í rọ̀ ọ́ mọ́. Ilẹ̀ Àwórì kò ga, oòrùn ibẹ̀ mú, odò ibẹ̀ a sì máa pọ́n nígbà òjò. Ẹja tí ó ni irú omi bẹ́ẹ̀ ni àrọ̀. Òru ni àrọ̀ máa ń jẹ̀, kì í sì í fi ojú wá oúnjẹ. Irùngbọ̀n gígùn tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká ni ó fi ń tọ́ ilẹ̀ odò wò, tí ó fi ń mọ ohun tí ó ṣeé jẹ. Ẹja tí kò lo ojú láti wá ohun jíjẹ, ẹwà eṣinṣin àtọwọ́dá kò kàn án. Nítorí náà ni àwọn apẹja Yorùbá fi fara mọ́ ekòló àti ìfun adìyẹ tí òórùn wọn ń jáde nínú omi. Epìyà ní tirẹ̀ ń ríran dáadáa ní ọ̀sán, ewédò wẹ́wẹ́ àti kòkòrò ni ó sì ń jẹ. Òkèlè ẹ̀bà kékeré lórí ìwọ̀ tí kò tóbi tó fún un. Ọ̀pá ọparun tí ó gbẹ dáadáa kò ní ohun tí ó fi rẹlẹ̀ sí ọ̀pá olówó ńlá, bí ó bá jẹ́ epìyà ni a ń wá.

Ìgèrè ni ó yẹ kí olùkọ́ fi han ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ jù lọ. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọparun tí a là hun ún, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú ẹnu náà sì ní ọ̀fun kan tí ó ń fún lọ sí inú. Ẹja tí ó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà padà. A ń dẹ ẹ́ ní àṣálẹ́, a sì ń gbé e ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tí odò rẹ̀ bá jìnnà díẹ̀ sí ilé yóò sùn ní etí odò. Sísùn náà wà lára iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni sísùn nínú igbó ti rí láàrin àwọn Yorùbá. Ẹni tí ó ní oko etílé lè lọ kí ó bọ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ẹgàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abà ni yóò kọ́ síbẹ̀, yóò lo ọjọ́ mélòó kan, yóò padà wá sí ìlú fún ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ọjà. Ọdẹ ń gun ẹ̀gùn lórí igi, ó ń ṣọ́ ẹran títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn ìrìn wọ̀nyí kì í ṣe fàájì ní ojú ẹni tí ń rìn wọ́n, oúnjẹ ni ó ń lé wọn lọ. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá àwọn tí wọ́n dàgbà ní abà sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ pé wọn kì í fi ìkanra sọ ìtàn alẹ́ ibẹ̀. Iṣu tí wọ́n sun nínú èérú, àlọ́, ìró ẹyẹ òru tí bàbá ń dárúkọ fún ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí.

Nígbà tí ìpàgọ́ wá di ẹ̀kọ́, ọwọ́ àwọn Òyìnbó ni ó gbà dé. Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907, ẹgbẹ́ Scout sì dé Nàìjíríà ní 1915. Ní 1951, Alec Dickson dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, lẹ́bàá ìlú Fikitóríà, ní apá Kamẹrúùnù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ síbẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, láti gun òkè Kamẹrúùnù, àti láti bá àwọn ará abúlé la ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Man O' War tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń jẹ́ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wá. Ó ṣeni láàánú pé eré ìtẹ̀lẹ́sẹ̀ bí ológun ni ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ orúkọ náà nísinsìnyí. Òkè gígùn àti odò líla ti yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá sì dárúkọ àgọ́ ní Ọ̀tà, àgọ́ ìsìn ni ọkàn ń lọ sí, pàápàá láti 1999 tí wọ́n ti ṣí ilé ìsìn alájòókòó 50,000 ní Canaanland. Èrò tí ó lè lọ sùn ní gbàgede nítorí àdúrà kò lè jẹ́ èrò tí ń bẹ̀rù òru.

Ohun tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ni ipò tí àwọn odò náà wà. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nílò omi, omi tí ó bá sì wọlé mímọ́ kì í jáde ní mímọ́ bí a kò bá sẹ́ ẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Covenant, tí a dá sílẹ̀ ní 2002, ti lọ sí etí àwọn odò wọ̀nyí pẹ̀lú ohun èlò ìwọnmi. Ní 2008 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí omi ẹ̀gbin láti ilé ìpẹran ń ṣe fún odò Illo; lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yẹ atẹ́gùn tí ó wà nínú omi Àtùwarà wò. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ẹja ń mí, atẹ́gùn ọ́ksíjìn tí ó yòrò sínú omi ni ó sì ń mí. Bí a bá da ẹ̀jẹ̀ ẹran, ìgbẹ́, tàbí ìdọ̀tí láti ilé ìpọntí sínú odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, bí wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń lo ọ́ksíjìn inú omi náà tán. Ẹja yóò kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da májèlé sínú odò. Bí odò bá ń ṣàn lórí òkúta, tí ó ń ta, yóò tún gba atẹ́gùn tuntun bí ó ti ń lọ, ara rẹ̀ yóò sì yá nísàlẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀gbin mìíràn tún pàdé rẹ̀ níwájú. Odò tí ó ń gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ kọjá kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Níbi yìí ni àrọ̀ ti lè tan ènìyàn jẹ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí atẹ́gùn òkè. Bí omi bá bàjẹ́, yóò yọ ẹnu sókè, yóò gbé atẹ́gùn mì, yóò padà sísàlẹ̀. Epìyà lè fara da ìyà díẹ̀. Ọ̀bọ̀kún àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sínú odò tí ó ti ń kú, tí ó fa àrọ̀ ńlá jáde, yóò yọ̀, yóò sì sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé odò náà ṣì dára. Odò tí àrọ̀ nìkan ṣẹ́kù sí ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Kí a má sì gbàgbé pé irin olóró tí ó bá wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò lè wọ ara ẹja tí ń jẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. Ẹja tí a pa ní ìsàlẹ̀ ojú ihò tí ilé-iṣẹ́ ń gbà da omi ẹ̀gbin kò yẹ ní àwo ọbẹ̀, bí ó ti wù kí ó sanra tó.

Òfin kò ṣàìsí. Ní 1988, lẹ́yìn tí àṣírí tú pé wọ́n ti kó àwọn àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Kókó, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta ìsinsìnyí, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti dáàbò bo àyíká. NESREA gba ipò rẹ̀ ní 2007. Abala 20 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè wà ní etí gbogbo odò ní agogo méjì òru. Ojú ni òfin nílò, ojú tí ó mọ bí odò ti rí lánàá.

Àwọn apẹja òpin ọ̀sẹ̀ ni irú ojú bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kún fún ilé-iṣẹ́ bí Ọ̀tà, ẹgbẹ́ apẹja kan wà tí ń jẹ́ Pride of Derby. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹja nínú odò Derwent. Ilé-iṣẹ́ British Celanese ń da ìdọ̀tí rẹ̀ síbẹ̀, ìjọba ìlú ń da omi ẹ̀gbin ilé-ìgbẹ́ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ń da omi gbígbóná síbẹ̀, àwọn ẹja sì ń kú. Ẹgbẹ́ náà pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́jọ́, wọ́n sì borí. Ẹjọ́ náà wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ti 1953, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà pàápàá ń kà á. Ìgbádùn wọn ni wọ́n gbèjà, odò sì jàǹfààní rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí ilé-ẹjọ́ fi máa ń bi olùpẹ̀jọ́ pé kí ni ó kàn án ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ní 2018, nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch pẹ̀lú NNPC, tí ó jẹ mọ́ epo tí ó dà sínú odò ní Ìpínlẹ̀ Ábíá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ẹgbẹ́ tí ń jà fún àyíká lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Ta ni yóò gba ibẹ̀ wọlé nítorí Àtùwarà, bí kò bá sí ẹni tí ń lọ sí Àtùwarà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó jìnnà bẹ̀rẹ̀. Igbó Ọmọ ní ìhà Ìjẹ̀bú, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ igbó àjogúnbá alààyè ní 1977, ṣì ní erin, ó sì wu ojú. Ó jìnnà púpọ̀ sí Ọ̀tà fún ọjọ́ méjì, a sì ní láti gba ìyọ̀ǹda kí a tó wọ ibẹ̀. Abẹ́òkúta ni ó yẹ fún ìrìn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ojú irin àtijọ́ dé Ọ̀tà ní 1897, kí ó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Láti oṣù kẹfà 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Agbádó kò sì jìnnà sí Ṣàngó. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀, kí wọ́n sọ̀ ní Láderin, kí wọ́n wọ ìlú lọ gun Olúmọ. Gíga àpáta náà jẹ́ mítà 137 sí ojú òkun. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba àárín àpáta kọjá ni ó dára jù fún ọ̀dọ́, nítorí níbẹ̀ ni yóò ti rí ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí 1830, tí yóò sì mọ̀ lára bí ibẹ̀ ti há tó.

Odò Ọ̀yán gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí ẹja ń bẹ níbẹ̀, ewu náà sì ń bẹ. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí ìsédò Ọ̀yán ní 1983, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta, àjọ tí ń ṣàkóso odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni ó sì ń bójú tó o. Adágún ńlá ni ó dá sílẹ̀, àwọn apẹja sì ti ibi púpọ̀ wá tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Omi tí kò ṣàn dára fún ìgbín kékeré kan tí ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àtọ̀sí ajá. Kòkòrò náà ń jáde láti ara ìgbín, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, ó sì ń gba ara ènìyàn wọlé láìsí egbò. Àwọn onímọ̀ láti Abẹ́òkúta ti rí àrùn yìí láàrin àwọn ọmọ abúlé etí adágún náà léraléra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ pa ẹja ní Ọ̀yán gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ tàbí kí ó jókòó sínú ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi. Oògùn àrùn náà wà, orúkọ rẹ̀ ni praziquantel. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú tì í láti sọ fún dókítà.

Ewu kejì wà ní ìsàlẹ̀ ìsédò náà. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, bí òjò bá ti kún adágún, wọn a máa tú omi sílẹ̀, odò Ògùn yóò sì kún títí dé Ìṣẹ́rí àti ìhà Èkó. Omi lè dé bá ènìyàn láìjẹ́ pé òjò rọ̀ ní ibi tí ó wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa àgọ́ sí etí odò Ògùn ní oṣù méjèèjì yìí. Àkókò tí ó dára jù ni láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì: omi ti fà, ó ti mọ́, ojú ọ̀nà gbẹ, ọyẹ́ sì ń mú kí iná alẹ́ dùn ún yá. Kí a kàn rí i pé a fi yẹ̀pẹ̀ bo iná náà kí a tó sùn, nítorí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbà ìkìlọ̀.

Ní ti ààbò, ayé kò rí bí ó ti rí nígbà tí ọmọdé ń dá nìkan lọ sí abà. Kí ẹgbẹ́ tí ń lọ má ṣe dín ní mẹ́fà. Kí wọ́n lọ kí baálẹ̀ abúlé tí wọ́n fẹ́ sùn sí, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn, nítorí àlejò tí a kò mọ̀ nínú igbó ní òru, olè ni a ń kà á sí. Kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó yan ọdẹ kan tì wọ́n. Ọdẹ náà yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n, yóò sì kọ́ wọn ní orúkọ igi tí kò sí nínú ìwé wọn. Owó tí wọ́n bá fún un kò tó ẹ̀kọ́ náà. Kí olúkúlùkù mú àpò ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti omi sísè láti ilé. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí wọ́n má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má ṣe fa ojú egbò náà mu. Kí wọ́n mú kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ohun tí kíláàsì kan lè ṣe ní etí Àtùwarà ní Àbámẹ́ta kan ṣoṣo nìyí. Kí wọ́n yan ojú mẹ́ta lórí odò náà, ọ̀kan lókè ibi tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìgò funfun bu omi, kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wo bí ó ti gbóná tó. Kí wọ́n fi ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yí ewé jíjẹrà àti òkúta etí omi padà, kí wọ́n ka àwọn ọmọ kòkòrò tí ó wà lábẹ́ wọn. Ọmọ lamilámi ń gbé inú omi kí ó tó di abìyẹ́. Ibi tí irú wọn bá pọ̀ tí wọ́n sì jẹ́ oríṣiríṣi, omi ibẹ̀ ṣì ní ọ́ksíjìn. Ibi tí a kò bá rí nǹkan kan bí kò ṣe ekòló pupa wẹ́wẹ́ nínú ẹrẹ̀ dúdú, ẹ̀rí mìíràn kò tún pọn dandan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ju ìwọ̀ fún wákàtí kan, ekòló lórí ọ̀kan, òkèlè lórí èkejì, kí wọ́n kọ irú ẹja tí ó jẹ ẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sínú omi. Bí àgbà apẹja kan bá wà ní abúlé ìtòsí, kí wọ́n pè é kí ó wá dárúkọ àwọn ẹja náà, kí wọ́n sì bi í nípa àwọn tí kò jáde mọ́. Orúkọ wọ̀nyẹn ni kí wọ́n kọ sí ojú ewé kejì, pẹ̀lú ọdún tí ó rí wọn kẹ́yìn.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bá àwọn tí ó gboyè jáde lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá sáyẹ́ǹsì ni kí ó máa wà, kí kíláàsì tí ń bọ̀ lè ṣí i wò ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó gbé ìwọ̀ wọn lọ sí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ní ọjọ́ kejì.